Ta Ni Ọ̀gá Òṣìṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò ni ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀-ajé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrú wọ ilẹ̀ wa ń gbà ṣe àkóso òṣìṣẹ́ wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó Ìlú Ọba tí àwọn baba wa ti bá ṣe. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni àwọn tí wọ́n ti Gúúsù Áfíríkà, Sìmbábúwè, Kùwéètì, Íńdíà àti Ṣáínà dé, ìyẹn àwọn tí ènìyàn ìbá pè ní ẹlẹgbẹ́ wa.

Bí ènìyàn bá dúró ní oríta Challenge ní Ìbàdàn ní òwúrọ̀, tàbí ní ẹ̀bá ọjà Bódìjà, tàbí níwájú Cocoa House ní Dùgbẹ̀, kò ní pẹ́ kí ó tó rí àwọn agboòrùn ńlá, òmíràn pupa, òmíràn aláwọ̀ ìyeyè, tí àwọn ọ̀dọ́ jókòó sí abẹ́ wọn, tí wọ́n ń ta káàdì ìpè, tí wọ́n sì ń fi orúkọ oníbàárà sílẹ̀ fún nọ́ńbà tuntun. Orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lára agboòrùn, ó wà lára ẹ̀wù, ó wà lára fìlà. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá bi ọ̀kan nínú wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí ni yín?" ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Ẹlòmíràn nínú wọn fi owó ara rẹ̀ ra ọjà tí ó ń tà ni. Ẹlòmíràn, alágbàtà kan ni ó gbé e síbẹ̀, èrè orí ohun tí ó bá tà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀wù ti wà lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ẹ̀wù lè má mọ orúkọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Àwọn Yorùbá kò ṣàìmọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí ènìyàn fi ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́, orúkọ tí wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan fi hàn pé wọ́n rò ó jinlẹ̀. Àáró ni ti àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ro oko ara wọn ní ìtẹ̀léra, oko Òjó lónìí, oko Àjàyí lọ́la. Ọ̀wẹ̀ ni ti ẹni tí ó ké sí ará àti àna pé kí wọ́n wá bá òun ṣe iṣẹ́ ńlá bí ilé kíkọ́, tí ó sì fi oúnjẹ àti ẹmu gbà wọ́n lálejò. Ìwọ̀fà ni ẹni tí ó ń sin olówó nítorí gbèsè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó dúró fún èlé, títí di ìgbà tí a bá san owó náà tán. Alágbàṣe ni ẹni tí a wọn iṣẹ́ fún, tí ó ṣe é, tí ó gba owó rẹ̀, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì sí ẹni tí yóò fi ìwọ̀fà yangàn. Síbẹ̀, nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹni tí kò mọ oko ẹni tí òun ń ro. Ìwọ̀fà pàápàá mọ ojú olówó rẹ̀, ó mọ ilé rẹ̀, ó sì mọ iye tí yóò tú òun sílẹ̀.

Irú iṣẹ́ karùn-ún tí ó gbòde báyìí ni kò tíì ní orúkọ tí ó fìdí múlẹ̀ lẹ́nu wa. Ilé-iṣẹ́ kan ni ó gba ènìyàn síṣẹ́, ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ náà. Bí a bá pè é ní iṣẹ́ alágbàtà, kò jìnnà sí òtítọ́. Àwọn àgbà a máa wí pé alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ti ìsinsìnyí tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tí àwọn àgbà rí: ọjà kò wọ́n lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á, òṣìṣẹ́ tí ó dúró bí ọjà ni iye tirẹ̀ ń fò sílẹ̀.

Ìjà òṣìṣẹ́ àtijọ́ ṣe kedere ju èyí lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ìjọba amúnisìn ni ó ni í, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. (Ọgọ́fà ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ni a ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Mọ́níyà; CCECC, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà, ni ó kọ́ ọ.) Àwọn oníṣòwò bíi UAC àti John Holt tẹ̀lé ojú irin àkọ́kọ́, Dùgbẹ̀ sì di ibùdó òwò, ibẹ̀ ni ilé-ìtajà Kingsway wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀gá jẹ́ òyìnbó, akọ̀wé jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, àwọn méjèèjì sì mọ ojú ara wọn. Ní ọdún 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n-gógó ọjà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin sì wà níwájú, Michael Imoudu tí ó jẹ́ aṣáájú wọn mọ ilẹ̀kùn tí òun yóò kàn. Hubert Ògúndé kò jáfara. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí orí ìtàgé nínú eré tí ó pè ní Strike and Hunger. Lẹ́yìn òmìnira ni òfin ọdún 1972 àti ti 1977 wá fi dandan lé e pé kí ọmọ Nàìjíríà ní ìpín nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ àjèjì. Ní ọdún 1995, òfin mìíràn ṣí ilẹ̀kùn náà padà.

Ẹnu ilẹ̀kùn yìí ni àwọn oníṣẹ́ fóònù gbà wọlé ní ọdún 2001: MTN láti Gúúsù Áfíríkà, àti Econet, èyí tí orúkọ rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí Strive Masiyiwa ará Sìmbábúwè dá sílẹ̀. Ìtàn Econet ni ó yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí pé ẹ̀kọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti MTN lọ.

Ẹ jẹ́ kí á mú òṣìṣẹ́ kan lọ́kàn, tí ó wọ Econet ní ọdún 2001, tí kò sì kúrò lórí àga rẹ̀ títí ọdún 2010 fi parí. Ní ọdún 2004, Vodacom ti Gúúsù Áfíríkà wá gba àkóso ilé-iṣẹ́ náà. Bí oṣù méjì péré ni ó lò tí ó fi kó ẹrù rẹ̀. Orúkọ di Vmobile. Ní ọdún 2006, Celtel ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìpín. Mo Ibrahim, tí a bí ní Sudan, ni ó dá Celtel sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Kùwéètì ti rà á kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2008, àwọn ará Kùwéètì yí orúkọ náà sí Zain. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, Bharti Airtel ti Íńdíà ra ẹ̀ka Zain ní orílẹ̀-èdè 15 ní Áfíríkà ní bílíọ̀nù 10.7 owó dọ́là, kí ọdún náà sì tó parí, Airtel ni a kọ sára pátákó. Ọdún mẹ́wàá kò pé, orúkọ ti di márùn-ún. Yorùbá ní ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Inú ilé kan náà ni ọmọ yìí wà tí orúkọ fi ń yí mọ́ ọn lórí.

Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá kun pátákó ní ọ̀dà tuntun, ìbéèrè tí yóò wá sí ọkàn òṣìṣẹ́ ni pé, ta ni ọ̀gá òun báyìí? Ìdáhùn òfin lè ya ènìyàn lẹ́nu. Nígbà tí ẹnìkan bá ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ náà kò kú, a kò sì tún un bí. Lójú òfin, ẹni kan náà ni, bí ọkùnrin tí ó pààrọ̀ fìlà. Àdéhùn tí ó bá òṣìṣẹ́ ṣe ní ọdún 2001 ṣì dúró, ọdún tí òṣìṣẹ́ ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kò sì parẹ́. Ohun tí ó ń yí ni ìwà inú ilé: ẹni tí ń fọwọ́ sí ìgbéga, ọ̀nà tí a fi ń díwọ̀n iṣẹ́, ibi tí a ti ń pàṣẹ wá. Ìyẹn kò kéré, ẹni tí ó bá ti rí ọ̀gá tuntun mẹ́rin láàrin ọdún mẹ́wàá yóò jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ kò yí padà.

Irú rẹ̀ ni ti Shoprite. Ọdún 2005 ni ilé-ìtajà Gúúsù Áfíríkà yìí wọ Nàìjíríà, ó sì wá ṣí ẹ̀ka ní Dùgbẹ̀ àti ní Ring Road ní Ìbàdàn. Ní ọdún 2020 ó kéde pé òun ń lọ; ní ọdún 2021 ó ta ìpín rẹ̀ fún Ketron, ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé iṣẹ́ parí nìyẹn. Fìlà ni a pààrọ̀ níbẹ̀ náà.

Ohun tí Airtel gbé ti Íńdíà bọ̀ yàtọ̀ sí èyí. Láti ọdún 2004 ni Bharti ti ń gbé iṣẹ́ inú ilé rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn: òpó àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ fún Ericsson àti Nokia, kọ̀ǹpútà fún IBM. Èrò rẹ̀ ni pé kí owó ìpè wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí tálákà yóò fi lè sọ̀rọ̀, kí èrè sì wá láti inú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò yẹ kí a fi ojú ìkà wo ọgbọ́n yìí. Ẹni tí ó bá rántí iye tí nọ́ńbà fóònù kan ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn ní ọdún 2001 kò ní sọ pé kí ọjọ́ náà padà wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọgbọ́n náà dé Nàìjíríà, ó kan àwọn tí wọ́n ń dáhùn ìpè oníbàárà. Wọ́n bọ́ sábẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Íńdíà mìíràn, Tech Mahindra àti Spanco. Oníbàárà tí ó pè láti Àgbowó kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Orúkọ Airtel ni wọ́n fi ń kí i. Ní ọdún 2011 ọ̀rọ̀ náà di ìjà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC sì lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà àwọn ọ́fíìsì Airtel. Ìdáhùn ilé-iṣẹ́ náà ni pé òṣìṣẹ́ àwọn alábàáṣiṣẹ́ òun ni àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun.

Ẹ fi ọ̀ràn méjèèjì wé ara wọn. Nígbà tí orúkọ ń yí padà lẹ́mọ́lẹ́mọ́, agbanisíṣẹ́ kò yí padà. Nígbà tí orúkọ dúró gbọnin lára pátákó, agbanisíṣẹ́ ti di ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ń wo pátákó láti mọ ọ̀gá rẹ̀ yóò ṣìnà ní ìgbà méjèèjì.

Àwọn onímọ̀ ìṣàkóso ti pín àwọn ilé-iṣẹ́ alárìnká-ayé wọ̀nyí sí ọ̀nà mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí Howard Perlmutter ti là á kalẹ̀ ní ọdún 1969: èyí tí ó ń rán ọmọ ilé rẹ̀ lọ ṣe olórí níbi gbogbo, èyí tí ó ń fi ọmọ onílẹ̀ ṣe olórí, àti èyí tí kò béèrè ibi tí ènìyàn ti wá bí ó bá ti lè ṣe iṣẹ́. Ìbàdàn kò nílò ìwé láti mọ ti èkínní. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ajẹ́lẹ̀ ni Ìbàdàn ń rán lọ jókòó sí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí wà lára ohun tí ó bí Èkìtì Parapọ̀. Fábùnmi ní Òkè-Mẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀, ogun Kírìjì sì jà títí; ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó túká pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso tí ó fo ìtàn yìí dá ń wá ohun tí ó wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ lọ sí Sókótó.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun yìí tètè kọ́gbọ́n ní ti orí àga. Karl Toriola, tí ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ifẹ̀, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Vmobile, tí ó sì ti ṣe olórí MTN ní Kamẹrúùnù, di olórí MTN Nàìjíríà ní oṣù Kẹta ọdún 2021. Ṣẹ́gun Ògúnsànyà, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ifẹ̀ kan náà, ṣe olórí Airtel Nàìjíríà láti ọdún 2012, ó sì ṣe olórí Airtel ní gbogbo orílẹ̀-èdè 14 tí ó wà ní Áfíríkà láti ọdún 2021 títí di 2024. Ajẹ́lẹ̀ ti di ọmọ onílẹ̀, ó tilẹ̀ ti di ẹni tí ń rán ajẹ́lẹ̀. Inú ẹni dùn láti rí i. Síbẹ̀, àga ńlá tí ọmọ ẹni jókòó lé kò dáhùn ìbéèrè ẹni tí ó wà lábẹ́ agboòrùn ní Challenge.

Ní oṣù Keje ọdún 2018, NLC ti ẹnu ọ̀nà àwọn ọ́fíìsì MTN pa. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ náà kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ da ẹgbẹ́ pọ̀, àti pé àwọn tí a gbà fún ìgbà díẹ̀ pọ̀ jù. MTN dáhùn pé òun kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Abala 40 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ìṣòro tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, bí a bá sì pín ìka sí àpò alágbàtà mẹ́wàá, kò rọrùn kí wọ́n tó pàdé.

Ọdún kejì èyí ni ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ìròyìn dé pé wọ́n ń kọlu àwọn àjèjì ní Gúúsù Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn. Àwọn kan fi ìbínú dojú kọ ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́ ti Gúúsù Áfíríkà níhìn-ín. MTN kéde pé wọ́n kọlu ilé-iṣẹ́ òun ní Èkó, Ìbàdàn àti Uyo, ó sì ti gbogbo ilé-ìtajà rẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀. Ṣé ará Johannesburg ni ó ń jókòó nídìí tábìlì níbẹ̀ ni? Àwọn tí ilẹ̀kùn tì mọ́ níta ni ọmọ wa, àbúrò wa, aládùúgbò wa. Oṣù Karùn-ún ọdún náà gan-an ni a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín MTN Nàìjíríà lórí ọjà ìpín ìdókòwò ní Èkó. Pátákó ni àwọn tí ó ju òkúta kà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àléébù àjèjì ni gbogbo èyí. Àwa náà ti ń rán ilé-iṣẹ́ jáde. Ṣìmẹ́ńtì Dangote ń bẹ ní Sẹ̀nẹ̀gà, ní Etiópíà àti ní Tànsáníà, ọmọ Nàìjíríà ni ó sì ń jẹ́ àjèjì níbẹ̀. Nílé níhìn-ín, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, PENGASSAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbà nídìí epo, fẹ̀sùn kan ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kkí pé ó dá òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 800 dúró nítorí pé wọ́n wọ ẹgbẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà ní àtúntò ni òun ń ṣe, nítorí pé àwọn kan ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹgbẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ dá sí i, wọ́n sì fẹnu kò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá pé kí a pín àwọn òṣìṣẹ́ náà sí àwọn ilé-iṣẹ́ Dangote mìíràn. Ọmọ ẹni ni ó ni ilé-iṣẹ́ yìí, ìjà tí ó sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn àlejò.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò ṣàìsọ̀rọ̀. Abala 7 rẹ̀ ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé, ó pẹ́ tán, láàrin oṣù mẹ́ta tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orúkọ agbanisíṣẹ́, irú iṣẹ́, owó iṣẹ́ àti iye ọjọ́ ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Abala 10 ní a kò gbọdọ̀ gbé àdéhùn òṣìṣẹ́ láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ kan fún òmíràn láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà gbà, kí aṣojú ìjọba sì fọwọ́ sí i. Àléébù òfin náà ni pé òṣìṣẹ́ alágbára àti akọ̀wé ni ó kàn. Kò kan àwọn tí wọ́n wà ní ipò àṣẹ tàbí iṣẹ́ ìmọ̀ gíga. Ìlànà tí ìjọba sì gbé jáde ní ọdún 2011 lórí iṣẹ́ alágbàtà, epo àti gáàsì nìkan ni ó bá wí. Ilé-ẹjọ́ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, kò sì jìnnà sí ẹni tí ó bá ní ìwé lọ́wọ́. Ìwé yẹn ni ó ń ṣòro.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan àwọn olùkọ́ èdè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí ó ń gbé Àgbowó, tí ó ti wá iṣẹ́ fún ọdún méjì, kì í ka ìwé ìgbàsíṣẹ́ kọjá ibi tí a kọ iye owó sí. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà sì ní ọgbọ́n kan tí àwọn onígírámà mọ̀ dáadáa: ó lè sọ ohun tí a ṣe láìsọ ẹni tí ó ṣe é. Wọn yóò kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ di ẹni tí a gbé lọ síbì kan, pé iṣẹ́ rẹ̀ di ohun tí a lè dá dúró, olùwà kò sì ní sí nínú gbólóhùn náà rárá. Èdè Yorùbá kò gba irú rẹ̀ lọ́nà kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ yóò ní láti fi "a" tàbí "wọ́n" síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ jẹ́ kí a mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan wọ kíláàsì ní ọjọ́ kan, kí a fi ọwọ́ bo orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. A gbà ọ́ síṣẹ́. A ó máa san owó oṣù rẹ. A lè gbé ọ lọ sí ibòmíràn. Kí olùkọ́ wá béèrè lọ́wọ́ wọn, níbi kọ̀ọ̀kan, ta ni "a" yìí, àti pé ṣé ẹni kan náà ni nínú gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.